Ìṣẹ́jú àáyá méjì tí kò pé: ẹjọ́ tíọ́rì Galileon àti ìgbì òòfà ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2017

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí aago àgbáyé tí àwọn onímọ̀ sánmà ń lò lu méjìlá ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 41, ìtànṣán gámà kan kọ mànà lójú sánmà. Sátẹ́láìtì Fermi rí i. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ tó fi kú, kò sì mọ́lẹ̀ tó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú àáyá 14 tó pé, ẹ̀rọ ti fúnra rẹ̀ fi ìkéde ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣọ́ sánmà káàkiri ayé. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló ṣẹlẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí ì bá tìtorí ẹ̀ dìde lórí ìjókòó, nítorí irú rẹ̀ tí Fermi ń rí lọ́dún kan lé ní igba.

Àmọ́ nǹkan kan ti dé ṣáájú rẹ̀. Ní Hanford, ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ LIGO, tí wọ́n ṣe láti máa gbọ́ ìgbì òòfà, ìyẹn gbígbọ̀n àyè fúnra rẹ̀ tó ń tàn kálẹ̀ bí ìgbì omi, ti ń gbọ̀n fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Gbígbọ̀n náà kéré ju fífẹ̀ inú átọ́ọ̀mù lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń yára, ó ń le sí i, ó sì dákẹ́ lójijì. Láti ìgbà tó dákẹ́ sí ìgbà tí ìtànṣán gámà dé ojú Fermi, ìṣẹ́jú àáyá 1.7 ni.

Lórí 1.7 yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń gbé tíọ́rì òòfà tuntun kalẹ̀, tí wọ́n ń fi wọ́n wé bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì ń yege léraléra. Wọn ò ṣubú nígbà tí a wọn fífẹ̀ náà dáadáa sí i. Àkókò tí èèyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan ló wó wọn. (Òòfà tí mò ń wí níbí yìí, èyí tó ń fa nǹkan wálẹ̀ tó sì so ayé wa mọ́ oòrùn ni, kì í ṣe ti mágínẹ́ẹ̀tì.)

Ohun tó bí ẹjọ́ náà

Ní 1915 ni Albert Einstein parí tíọ́rì rẹ̀ tó sọ pé òòfà kì í ṣe okùn tí nǹkan fi ń fa nǹkan. Ohun tó bá wúwo ló ń tẹ àyè àti àkókò tó yí i ká wọnú, ohun tó bá sì ń kọjá á gba ibi tó tẹ̀ náà lọ. Ní 1917 ó fi nọ́ńbà kan kún ìdọ́gba rẹ̀, tí à ń pè ní Lambda, kí àgbáálá ayé lè dúró sójú kan. Ní 1929 Edwin Hubble fi hàn pé bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ó ṣe ń yára sá lọ tó. Àgbáálá ayé ń fẹ̀, Lambda ò sì ní iṣẹ́ mọ́.

Gbogbo èèyàn wá gbà pé fífẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa dẹ̀rọ̀. Bí a bá ju òkúta sókè, bó ṣe ń lọ ni ara rẹ̀ ń rọ̀, nítorí ilẹ̀ ń fà á padà. Àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà ń fa ara wọn, ó sì yẹ kí wọ́n máa dẹwọ́ eré. Ní 1998, ikọ̀ méjì tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ tó bú gbàù wọn ọ̀nà jíjìn rí i pé òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: fífẹ̀ náà ń yára sí i. Ó dà bí òkúta tó ń sáré sí i bó ṣe ń gòkè. Saul Perlmutter, Brian Schmidt àti Adam Riess gba Ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2011.

Ọ̀nà méjì ló wà láti ṣàlàyé ẹ̀. Àwọn kan dá Lambda padà, wọ́n ní àyè tó ṣófo fúnra rẹ̀ ní agbára, agbára òkùnkùn, tó kó nǹkan bí ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àgbáálá ayé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó sì bá gbogbo ohun tí a wọ̀n mu. Ibi tó ti ń dunni ni pé bí a bá fi ìmọ̀ àwọn ohun kéékèèké ṣírò agbára tó yẹ kó wà nínú àyè òfìfo, ìdáhùn máa ń fi nǹkan bí ìlọ́po ẹyọ kan tí òdo 120 tẹ̀ lé pọ̀ ju ohun tí a rí lọ. N kò mọ ìṣirò mìíràn nínú físíìsì tó tíì ṣìnà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kejì ní bóyá kò sí agbára kankan níbẹ̀, pé òfin òòfà tí a mọ̀ ni kò rí bí a ṣe rò ó lọ́nà jíjìn. Èmi ò rò pé àṣejù ni wọ́n ṣe, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí Uranus ò rìn bó ṣe yẹ, Urbain Le Verrier ní ohun kan tí a kò tíì rí ló ń fà á, wọ́n sì wò ó ní 1846, Neptune ló jáde. Nígbà tí Mercury náà ṣe bíi tirẹ̀, Le Verrier tún ní ayé kan wà tí a kò tíì rí. Wọ́n wá a títí, kò sí. Òfin òòfà ló nílò àtúnṣe, Einstein ló sì tún un ṣe.

Ẹni tó jẹ́jọ́

Nínú gbogbo tíọ́rì òòfà tuntun tó jáde lẹ́yìn 1998, Galileon ni mo yàn láàyò fún àkọsílẹ̀ yìí, nítorí òun ló na ara rẹ̀ sílẹ̀ kedere jù fún àyẹ̀wò. Alberto Nicolis, Riccardo Rattazzi àti Enrico Trincherini ló gbé e jáde ní 2008. Orúkọ Galileo ni wọ́n fi pè é nítorí irú ìbáradọ́gba kan tó wà nínú ìṣirò rẹ̀.

Ohun tó sọ nìyí. Yàtọ̀ sí àyè àti àkókò tó ń tẹ̀, pápá kan tún wà, ìyẹn ohun àìfojúrí tó ní iye kan níbi gbogbo, tó kún gbogbo àgbáálá ayé, tó ń dá sí ọ̀rọ̀ òòfà. Nítòsí ohun tó wúwo, bíi oòrùn, pápá náà á fara pamọ́, kò ní fọwọ́ kan ìrìn àwọn ayé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdánwò tí a ṣe nítòsí oòrùn ò fi lè rí i mú. Lọ́nà jíjìn, níbi tí ohun gbogbo ti fọ́n ká, ó máa jáde, á sì máa ti àgbáálá ayé kó yára fẹ̀, láìsí Lambda rárá. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ní: ti ìpele kẹta, ti ìpele kẹrin, ti ìpele karùn-ún.

Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé gbogbo rẹ̀ wọnú ohun tí Gregory Horndeski ti kọ ní 1974, tí àwọn èèyàn gbàgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Horndeski kọ gbogbo tíọ́rì tó ṣeé kọ sílẹ̀ fún òòfà tó ní irú pápá kan bẹ́ẹ̀, tí ìdọ́gba rẹ̀ ò ní dàrú. Òun fúnra rẹ̀ fi físíìsì sílẹ̀, ó lọ ń ya àwòrán. Fọ́ńṣọ̀n mẹ́rin, ìyẹn ìlànà ìṣirò tó ń sọ iye kan di òmíràn, ló wà nínú ìṣirò rẹ̀ tí èèyàn lè yàn bó ṣe wù ú: G2, G3, G4 àti G5. Ẹ fi G4 àti G5 sọ́kàn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ẹni tó bá fẹ́ fi fífẹ̀ àgbáálá ayé nìkan dán tíọ́rì wò. Bí a bá fi gbogbo ìtàn fífẹ̀ ya àwòrán, ìlà kan ṣoṣo ni: bí àgbáálá ayé ṣe tóbi sí ní àkókò kọ̀ọ̀kan. Lambda á fà á. Ẹni tó bá ní fọ́ńṣọ̀n tó lè tẹ̀ bó ṣe fẹ́ náà á fà á, kódà á fà á tí ojú ò ní mọ èwo ni ti ta. Nítorí náà, bí a bá wọn ìlà yẹn ní ìlọ́po mẹ́wàá dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀, onítíọ́rì á tún fọ́ńṣọ̀n rẹ̀ yí díẹ̀, yóò sì tún bá a dọ́gba. Mi ò sọ pé wọ́n ń ṣe màgòmágó. Bí ìṣirò náà ṣe rí nìyẹn, àwọn tó ń ṣe é sì sọ ọ́ síta.

Ohun tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí òòfà ṣe ń kó nǹkan jọ nígbà tí àyè ń fẹ̀. Ní oṣù Keje 2017, oṣù kan péré ṣáájú ọjọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, Janina Renk, Miguel Zumalacárregui, Francesco Montanari àti Alexandre Barreira gbé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jáde lórí Galileon. Ó dára kí a wo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa.

Ìmọ́lẹ̀ kan wà tó ti ń rìn bọ̀ láti ìgbà tí àgbáálá ayé jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 380,000. Lójú ọ̀nà, ó máa ń gba ibi tí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ pọ̀ sí kọjá, ibi tí òòfà ti gbẹ́ kòtò. Bí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ sí kòtò tó tún gun òkè jáde ló ṣe rí. Bí kòtò náà ò bá yí padà, ohun tó jèrè nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ ló máa ná nígbà tó bá ń gòkè. Ṣùgbọ́n kòtò náà gbòòrò gan-an, ìmọ́lẹ̀ ń pẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá ń dí díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó jáde, òkè tó máa gùn á kéré sí èyí tó sọ̀, èrè díẹ̀ á kù sí i lọ́wọ́, ìyẹn ni pé á gbóná sí i ní ìwọ̀nba. Bí kòtò náà bá ń jìn sí i, gbèsè ni yóò bá jáde, á sì tutù. Lambda sọ pé àwọn kòtò náà ń dí. Galileon ìpele kẹta sọ pé wọ́n ń jìn sí i.

Renk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwòrán ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ náà, wọ́n gbé e lé orí àwòrán àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí sátẹ́láìtì WISE yà, wọ́n wo bóyá ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí ló gbóná tàbí ló tutù. Ó gbóná. Galileon ìpele kẹta jìnnà sí ohun tí wọ́n rí ní sígmà 7.8. Sígmà ni a fi ń wọn bí ìyàtọ̀ kan ṣe tóbi tó sí àṣìṣe tó lè wà nínú ìwọ̀n; nínú físíìsì, sígmà 5 ti tó láti pa ẹjọ́ dé. Ó parí fún ìyẹn.

Ti ìpele kẹrin àti ti ìpele karùn-ún bọ́ níbẹ̀. Apá kan lára wọn lọ, ṣùgbọ́n apá tó kù bá dátà mu dọ́gba-dọ́gba pẹ̀lú Lambda. Kódà wọ́n ní ohun kan tí Lambda ò ní: iye tí wọ́n sọ pé àgbáálá ayé fi ń fẹ̀ lónìí bá èyí tí a wọ̀n nítòsí mu, nígbà tí Lambda, bí a bá gbé e ka ìmọ́lẹ̀ àtijọ́, máa ń sọ iye tó kéré sí i. Ẹ rò ó wò: ní oṣù Keje 2017, ẹni tó bá sọ pé Galileon ló ṣàlàyé fífẹ̀ àgbáálá ayé, pé kì í ṣe tíọ́rì Einstein, a ò lè sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Àwọn tó ti kìlọ̀

Nǹkan kan wà tí ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún ń ṣe tí ìpele kẹta kì í ṣe. Wọ́n ń yí eré tí ìgbì òòfà ń sá padà. Nínú tíọ́rì Einstein, ìgbì òòfà àti ìmọ́lẹ̀ ń sáré dọ́gba. Nínú Galileon, pápá tó kún gbogbo ibi kì í dúró sójú kan, ó ń yí lọ bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀. Ìgbì òòfà tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á yára sí i tàbí á falẹ̀, bí ẹni tó ń wẹ̀ nínú odò tó ń ṣàn. Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára. G4 tó bá gbára lé bí pápá ṣe ń yí, àti G5, ni wọ́n ń fa ìyẹn.

Lucas Lombriser àti Andy Taylor ti tọ́ka sí èyí láti 2015, kí LIGO tó kéde ìgbì òòfà àkọ́kọ́ rárá. Dario Bettoni, Jose María Ezquiaga, Kurt Hinterbichler àti Zumalacárregui tún kọ ọ́ ní 2016. Ohun tí wọ́n ń wí ò ṣòro: kí ìgbì òòfà àti ìmọ́lẹ̀ kan ṣáà wá láti ibì kan náà, ní àkókò kan náà, ọ̀pọ̀ tíọ́rì á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an pé Zumalacárregui, tó ṣiṣẹ́ lórí Galileon débi tó fi lè gbà á là ní oṣù Keje, wà lára àwọn tó ti sọ ibi tí wọ́n á ti gbá a mú.

Bí ọjọ́ náà ṣe lọ

Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì ni. Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù ni ohun tó kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ ńlá bá ti bú gbàù: ó wúwo ju oòrùn lọ, síbẹ̀ kò fẹ̀ ju ìlú ńlá kan lọ. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ wúwo tó oòrùn 2.74. Wọ́n ti ń yí ara wọn ká láti ìgbà pípẹ́, wọ́n ń sún mọ́ra bí ìgbì òòfà ṣe ń kó agbára wọn lọ, títí wọ́n fi kọlura.

Ẹ̀rọ LIGO méjèèjì, ti Hanford àti ti Livingston ní Louisiana, ní apá méjì tó gùn ní kìlómítà 4, tí léésà ń lọ tó ń bọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìgbì bá kọjá, apá kan á gùn díẹ̀, èkejì á kúrú. Ní Livingston, ìṣẹ́jú àáyá kan lé díẹ̀ kí àwọn ìràwọ̀ náà tó so pọ̀, ariwo kan tí kò bá ìgbì náà tan rárá bẹ́ nínú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣàyẹ̀wò sì pa dátà ibẹ̀ tì, ti Hanford nìkan ló fi kéde. Nígbà tí àwọn èèyàn fi ojú ara wọn wo àwòrán dátà Livingston, wọ́n rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gòkè lẹ́yìn ariwo náà, kedere, bí ipa ẹsẹ̀ lórí iyanrìn tútù. Wọ́n gé ariwo kúrò, ìgbì náà sì dúró.

Virgo, ẹ̀rọ kẹta, tó wà nítòsí Pisa ní Ítálì, ò tíì pé oṣù kan tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan. Àìgbọ́ rẹ̀ gan-an ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́: ó ní láti jẹ́ pé ìgbì náà wá láti ibi tí Virgo kì í gbọ́ dáadáa, ìyẹn sì sọ ibi tí a máa wá a sí di kékeré, nǹkan bí dígírì 28 ní igun mẹ́rin lójú sánmà.

Ibẹ̀ ṣeé wò láti Chile, àfi kí oòrùn kọ́kọ́ wọ̀. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 11 tí ìgbì náà dé, awò awọ̀nàjíjìn Swope tó wà ní Las Campanas, tí fífẹ̀ díńgí rẹ̀ kò ju mítà kan lọ, rí ìmọ́lẹ̀ tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó ń jẹ́ NGC 4993. Àwọ̀ búlúù ni lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan ó ti pọ́n, ó sì ń kú lọ. Ìtànṣán X tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 9, ti rédíò ní ọjọ́ 16. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ni wọ́n kéde gbogbo rẹ̀ fún aráyé, nígbà tí nǹkan bí 70 ibùdó awò awọ̀nàjíjìn ti wò ó.

NGC 4993 yìí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹjọ́ wa, torí a mọ bó ṣe jìnnà tó: nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan). A ti wá ní ọ̀nà tí wọ́n sá, a ní ìgbà tí oníkálukú dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ọdún kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 31.5 ìṣẹ́jú àáyá. Ní ìlọ́po mílíọ̀nù 130, ó jẹ́ tírílíọ̀nù 4,100. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìgbì òòfà àti ìmọ́lẹ̀ fi jọ sáré nìyẹn, tí ọ̀kan sì fi 1.7 ṣáájú èkejì dé.

Kò tilẹ̀ sí ìdánilójú pé ojú ọ̀nà ni 1.7 náà ti wáyé. Ìtànṣán gámà kì í tú jáde lójú ẹsẹ̀ tí àwọn ìràwọ̀ bá kọlura. Ó ní láti kọ́kọ́ la àfọ́kù àwọn ìràwọ̀ náà tó fọ́n ká kọjá. Àwọn tó ṣírò náà mú ìṣọ́ra lọ́nà méjèèjì. Wọ́n lo ọ̀nà tó kúrú jù tó lè jẹ́, wọ́n sì ní: ká ní ìgbà kan náà ni méjèèjì gbéra, ìgbì òòfà ò lè fi ju ìdá 7 nínú mílíọ̀nù-lọ́nà-bílíọ̀nù mẹ́wàá yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ká ní ìtànṣán gámà gbéra lẹ́yìn ìgbì náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 10, ìgbì òòfà ò lè fi ju ìdá 3 nínú mílíọ̀nù-lọ́nà-bílíọ̀nù kan falẹ̀. Pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé méjèèjì dé láti apá kan náà ní àkókò kan náà? Ìyẹn ò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá.

Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í tètè wọni lórí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yí i sódì. Ká ní ìgbì òòfà fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ọdún 130 ni ì bá fi ṣáájú dé. Ì bá ti kọjá lára ayé wa ní 1887, nígbà tí Einstein ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ká ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni, ọdún mílíọ̀nù 1.3 ni. Ìyàtọ̀ tí Galileon ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún nílò kí wọ́n tó lè ti àgbáálá ayé fẹ̀ bí a ṣe rí i, irú èyí tí a ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún kà ni.

Nínú àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìkéde náà, ikọ̀ mẹ́rin kọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀: Paolo Creminelli àti Filippo Vernizzi, Ezquiaga àti Zumalacárregui, Jeremy Sakstein àti Bhuvnesh Jain, Tessa Baker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. G5 lọ pátápátá. G4 kù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbára lé bí pápá ṣe ń yí mọ́. Galileon ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún tẹ̀ lé ti ìpele kẹta lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń wí. Ṣùgbọ́n n kò ní pe Galileon ní irọ́. Ó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kedere, kò sì ṣẹlẹ̀. Tíọ́rì tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan á bi mí: ṣé wọn ò lè tún fọ́ńṣọ̀n yí, kí ipa G4 àti ti G5 pa ara wọn rẹ́? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí ìwé. Ó ṣeé ṣe fún àgbáálá ayé tó tẹ́jú, tó rí bákan náà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ìgbì náà gba inú NGC 4993 jáde, ó la àyè òfìfo kọjá, ó tún wọ inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa; pápá náà ò rí bákan náà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìparẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ níhìn-ín á bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìdánwò yìí le ju ti ìlà fífẹ̀ lọ: kò sí ohun tí onítíọ́rì lè fọwọ́ yí.

Èyí tó kù nílẹ̀

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìgbẹ́jọ́ ìhà kejì ń wí.

Kì í ṣe gbogbo tíọ́rì òòfà tuntun ló kú. Èyí tí Carl Brans àti Robert Dicke gbé jáde ní 1961 wà síbẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní f(R), tí Wayne Hu àti Ignacy Sawicki ṣe ẹ̀yà rẹ̀ kan ní 2007, náà wà síbẹ̀, nítorí nínú wọn ìgbì òòfà ń bá ìmọ́lẹ̀ rìn dọ́gba. Àmọ́ f(R) ò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣàlàyé ìdí tí fífẹ̀ fi ń yára láìfi nǹkan tó dà bíi Lambda pa mọ́ sínú ara rẹ̀. Lombriser àti Nelson Lima tilẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú pé, láàárín àwọn tíọ́rì Horndeski, bí eré ìgbì òòfà bá fi lè dọ́gba pẹ̀lú ti ìmọ́lẹ̀, èyí tó bá ní òòfà nìkan ló ń mú fífẹ̀ yára á fi sígmà 3, ó kéré tán, burú ju Lambda lọ.

Àwíjàre tó jinlẹ̀ jù, ọ̀dọ̀ Claudia de Rham àti Scott Melville ló ti wá, ní 2018. Tíọ́rì wọ̀nyí, ni wọ́n wí, fún ohun tó tóbi tó àgbáálá ayé ni wọ́n ṣe wọ́n. Ìgbì tí LIGO gbọ́ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rìnlélógún títí dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú tíọ́rì agbára òkùnkùn, ìgbì kékeré gan-an nìyẹn. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni Galileon àti àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń dé òpin ibi tí ìṣirò wọn ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ pé ní ibi tó ga bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn gba ìṣàkóso, tó dá eré ìgbì padà sí ti ìmọ́lẹ̀, nígbà tí ìgbì tó ń gbọ̀n lọ́ra ṣì ń sá ní eré tirẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo rò pé ẹni tó pàdánù ẹjọ́ ló ń wá ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo tún un kà, mo yí ohùn padà. Òtítọ́ ni wọ́n sọ nípa ìwọ̀n tíọ́rì náà, kò sì ran Galileon ìpele kẹta lọ́wọ́: kòtò tó ń dí ló pa ìyẹn, kì í ṣe eré ìgbì.

Nípa fífẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbì ọjọ́ yẹn sọ nǹkan kan níbẹ̀ pẹ̀lú. Líle rẹ̀ sọ bó ṣe jìnnà tó, ìmọ́lẹ̀ NGC 4993 sọ bó ṣe ń sáré tó, wọ́n sì rí kìlómítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún mẹ́gápásẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan (nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìmọ́lẹ̀), tó lè lọ sókè pẹ̀lú 12 tàbí sísàlẹ̀ pẹ̀lú 8. Àárín 67.4 tí sátẹ́láìtì Planck fa yọ láti inú ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ àti 73 tí àwọn tó ń wọn ìràwọ̀ nítòsí rí ló bọ́ sí. Kò tíì lágbára tó láti là wọ́n níjà.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì tutù. Láti 2024 ni DESI, ẹ̀rọ tó ń wọn bí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó, tó wà lórí òkè Kitt Peak ní Arizona, ti ń gbé ìwọ̀n fífẹ̀ jáde tó ń dọ́gbọ́n sọ pé agbára òkùnkùn lè máa yí padà bí àkókò ṣe ń lọ. Kò tíì dé sígmà 5. Bó bá dé ibẹ̀, àwọn onítíọ́rì òòfà á padà wá pẹ̀lú fọ́ńṣọ̀n tuntun, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i, ṣùgbọ́n G5 ò ní sí nínú àpò wọn bí wọ́n bá ṣe é bí ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tó lè ti ilẹ̀kùn de Rham àti Melville ni LISA, sátẹ́láìtì mẹ́ta tí àjọ sánmà Yúróòpù fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2024, tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ ní 2035. Ìgbì tó ń gbọ̀n lọ́ra ni yóò máa gbọ́, èyí tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po lọ́ra ju ti LIGO lọ. Ó lè gbọ́ ihò dúdú méjì nígbà tí wọ́n ṣì ń rọra yí ara wọn ká, kó sì sọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n máa kọlura, ní ọdún mélòó kan síwájú. Àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ á wá dúró dè wọ́n. Bí eré ìgbì tó lọ́ra bá yàtọ̀ sí ti ìgbì tó yára, wákàtí tí LISA dá ò ní bọ́ sí i.